Ẹ Kú Wàhálà: Ìrìn Àjò Ọ̀rọ̀ Kan Láti Òkè Ọya Dé Èbúté Àpápá

     Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí a wá sọ lọ́dún yìí, inú ìjà ló ti wá, kò sì yẹ kí a fi í pamọ́. Ní ọdún tó kọjá, lọ́jọ́ tí a parí ọdún Ifá, àwọn ìyánífá àti àwọn ìyàwó awo ń fọ ìkòkò. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa kọjá lọ́dọ̀ wọn, ó ní: "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú wàhálà o." Wọ́n dáhùn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ awo kan wà nítòsí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kàwé dáadáa, tó sì mọ Ifá ju bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe mọ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi ọ̀wọ̀ bi bàbá léèrè: ṣé ó tọ́ kí ẹnu tó ń pe Ifá tún máa pe wàhálà? Ó ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Yorùbá rárá, pé àwọn Haúsá ló ni ín, pé ohun búburú sì ni wọ́n ń fi í pè. Ó ní ẹni tó bá kí ìyá kú wàhálà, wàhálà ló fi ṣe ìwúre fún un.

Àgbà náà bínú. Ó ní láti ìgbà tí òun ti gbọ́njú ni òun ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá òun. Àwọn kan gbè sẹ́yìn ọmọdé, àwọn kan gbè sẹ́yìn àgbà. Àwọn obìnrin tí a tìtorí wọn ń jà sì ń fọ ìkòkò wọn lọ, kò sí ọ̀kan nínú wa tó bá wọn pọn omi. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé àwọn kan ní kí a kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ pé ọmọ awo kankan kò gbọdọ̀ fi wàhálà kí ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ilé Ifá. Olúwo wa ló pẹ̀tù sí i. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ lọ wádìí ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde àti ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa, kí a tó lé e síta tàbí kí a tó fún un ní ìjókòó. Àwa ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.

Kí àlejò tó dé, onílé ti wà. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún kí ènìyàn lo ara rẹ̀ lórí nǹkan. Iṣẹ́ ni àgbà wọn, ohùn kan péré ló sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣẹ́ tí í ṣe òṣì. Ẹni tó bá ń kọ́ Ifá tí kò mọ ìyàtọ̀ ohùn méjèèjì yóò pe ire ní ibi láìmọ̀. Ìsapá wà: ẹni tó sapá ti sa ipá, ó ti na agbára inú iṣan rẹ̀ jáde. Ìgbìyànjú wà, ìyànjú sì wà nínú rẹ̀, bíi pé ẹnìkan ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìṣírí fún olúwarẹ̀, ìbáà jẹ́ ọkàn òun fúnra rẹ̀. Akitiyan wà fún ohun tí ènìyàn ń lé láìdáwọ́ dúró: akitiyan àtikọ́lé, akitiyan àtimú ọmọ jáde níwèé. Làálàá wà, òógùn ló pọ̀ jù nínú tirẹ̀. Aápọn sì wà, òun ni àwọn tó kọ́ wa fẹ́ràn jù, nítorí pé ẹni tó ń ṣe aápọn mọ ohun tí ó ń wá, ó sì gbà pé òun yóò rí i.

A kò lè gbàgbé bí a ṣe kọ́ ìyàtọ̀ yìí. Nígbà tí a wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, tí a kò tíì kúrò ní ìdí ọ̀pẹ̀lẹ̀, ojùgbọ̀nà wa máa ń rán wa ní ewé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ọjọ́ kan, òjò pa wá bí ẹni ń paṣọ, ẹ̀gún fa aṣọ wa ya, a sì dé ilé pẹ̀lú ewé tí kò pé. A kúnlẹ̀, a ní: "Baba, wàhálà pọ̀ lónìí o." Wọ́n gba ewé, wọn kò dáhùn. Alẹ́ ni wọ́n tó pè wá, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí a kọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní: "Aápọn ni mo rán ọ ní òwúrọ̀. O lọ pàdé wàhálà lọ́nà, o sì mú un wá bá mi nílé." Wọ́n ní kí a má pe ohun tí a bá ṣe fún Ifá bẹ́ẹ̀ mọ́. Ojú tì wá. Ṣùgbọ́n kí a tó dìde níbẹ̀, ìyàwó wọn gbé àmàlà gbígbóná wọlé, ojùgbọ̀nà wa sì gbójú sókè, wọ́n ní: "Ìyá àwọn ọmọ, o kú wàhálà." A tẹrí mọ́lẹ̀ kí ẹ̀rín má baà bú lẹ́nu wa. Ta ni yóò bi wọ́n léèrè? Ó tó ogójì ọdún kí ó tó yé wa pé wọn kò ta ko ara wọn rárá. A ó padà sí ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ojú ọ̀rọ̀ náà ná. Iṣẹ́, ìsapá, ìgbìyànjú, akitiyan, aápọn: fáwẹ́lì ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá rí. Ilé, ọ̀nà, omi, ẹbọ, ikin, ìyẹ̀rosùn, gbogbo wọn ló ń fi fáwẹ́lì ṣí ẹnu. Nígbà tí a bá rí ọ̀rọ̀-orúkọ tó fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a bi í pé ọmọ ta ni. Òmíràn jẹ́ ọmọ onílé tí a fi ìró sọ lórúkọ tàbí tí a sọ di méjì, bí labalábá, bí làálàá fúnra rẹ̀. Òmíràn jẹ́ àlejò tó pẹ́ nílé: wákàtí, fìtílà, tálákà, sùúrù. Àárín àwọn wọ̀nyí ni wàhálà jókòó sí. Ọmọ awo wa kò purọ́ nígbà tí ó ní àlejò ni.

Ilé rẹ̀ jìn ju ilẹ̀ Haúsá lọ pàápàá. Ní èdè Lárúbáwá, wahla ni ìpayà, ẹ̀rù tó já lu ènìyàn lójijì. Wọ́n tún ń lò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ pàá tí ojú bá kan nǹkan, kí ọkàn tó fara balẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa gba aginjù kọjá dé ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá, ìpayà ọ̀hún ti di ohun tó pẹ́ lára ènìyàn: wahala di ìyà, ìnira, ìdààmú tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Ohun tí Haúsá sábà máa ń sọ nípa ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni sha wahala, ìyẹn ni pé ó mu ún, bí ẹni mu omi. Àwa náà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ jíjẹ ni a ń jẹ tiwa: a ń jẹ ìyà. Ọ̀kan ń mu, èkejì ń jẹ, ikùn kan náà ló ń gbà á.

Báwo ló ṣe wá di tiwa? Ọ̀yọ́-Ilé kò jìnnà sí Odò Ọya. Ẹṣin tí Aláàfin fi ń jagun, láti òkè ló ti ń wá. Kán-ún tí àwọn ìyá wa ń fi se ẹ̀wà, láti òkè ló ti ń wá. Àwọn Haúsá mọ ìlú náà débi pé wọ́n ní orúkọ tiwọn tí wọ́n ń pè é, Katunga. Orúkọ yìí ni Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò tó gbéra ní Badagry ní December 1825, tó sì wọ Ọ̀yọ́ ní January 1826, kọ sínú ìwé rẹ̀. Àárín irú àwọn èrò ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń ṣí kiri. Àwọn aáfà tó ń wàásù ní ìpín tiwọn nínú rẹ̀, àwọn oníṣòwò sì ní tiwọn.

Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí a kì í fẹ́ rántí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Haúsá tó wà nílẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà, ẹrú ni wọ́n. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, sọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọ̀gá wọn: wọ́n ń fárí, wọ́n ń ṣe okùn, wọ́n ń da màlúù. Nígbà tí Àfọ̀njá ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin ní Ìlọrin, ní nǹkan bí ọdún 1817, ọ̀pọ̀ wọn já kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn, wọ́n sá lọ bá a, wọ́n sì di ọmọ ogun. Ibi tí ọ̀tẹ̀ náà já sí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: Ìlọrin bọ́ sọ́wọ́ àwọn Fúlàní, Àfọ̀njá kò yè é, Ọ̀yọ́-Ilé sì di ahoro lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn.

Èrò tiwa ni èyí tí a fẹ́ sọ yìí, ẹ má fi lé Johnson lọ́rùn. Ẹni tó ń da màlúù ẹlòmíràn láti òwúrọ̀ dé alẹ́, tí kò gba owó ẹyọ kan lórí rẹ̀, tí kò sì lè lọ sílé, kí ni yóò pe ohun tí ó ń ṣe ní èdè abínibí rẹ̀? A rò pé wahala ni yóò pè é. Ọ̀gá rẹ̀ tó jẹ́ Yorùbá ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Ìyà ni ẹrú ń pè. Ohun tí ọ̀gá rí ni pé màlúù jẹ koríko, okùn di okùn, orí sì mọ́ rokoṣo. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyà, ó rí iṣẹ́ tó parí. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti kọ́kọ́ so mọ́ra ní etí wa. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé a jẹ ọ̀rọ̀ yìí ní gbèsè, ẹni tí a sì jẹ kì í ṣe ẹni ńlá.

Ní apá Èkó, ọ̀nà tó gbà wọlé kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa. Ní àwọn ọdún 1860, Glover kó àwọn Haúsá jọ ṣe ọmọ ogun fún ìjọba òyìnbó ní Èkó. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, nígbà tó sì fi máa di 1912 ó ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kano. Obì ń gòkè lọ, àlùbọ́sà àti màlúù ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń wọ ọkọ̀ láìsan owó.

Ohun tí Yorùbá fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ni ó yẹ kí ọmọ awo wa fetí sí. Lóòótọ́, a ń lò ó bí Haúsá ṣe ń lò ó: wàhálà bá a, ó kó wàhálà bá mi, wọ́n dá wàhálà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a tún ṣe ohun mìíràn. A so ó mọ́ ṣe. A ní, "Ìyá yẹn ṣe wàhálà lórí ọmọ náà kí ó tó di ènìyàn." Kò sí ẹni tó gbọ́ èyí tí yóò rò pé ìyá náà jà tàbí pé ó dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Ohun tí a gbọ́ ni pé kò sùn, pé ó tajà nínú oòrùn, pé ó bẹ àwọn tí kò yẹ kí ó bẹ̀. Ohun tí Haúsá ń mu, àwa ń ṣe é. Ẹni tó ń mu ìyà, ìyà ló wọ inú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe nǹkan, láti inú rẹ̀ ni nǹkan náà ti ń jáde. A gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí nǹkan ń ṣe, a fi í fún ẹni tó ń ṣe nǹkan.

Lẹ́yìn èyí ni a wá so ó mọ́ ẹ kú. Ọmọ awo wa ní ìwúre ibi ni. A bẹ̀ ẹ́, kí ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. A ń kí ènìyàn kú iṣẹ́, kú ìrìn, kú ìnáwó, kú ìdúró. A ń kí i kú òtútù, kú oòrùn. Ta ni ó kí ẹnìkejì kú oòrùn tó ń wúre pé kí oòrùn pa á? Obìnrin bímọ, a wọlé tọ̀ ọ́, a ní ẹ kú ewu. A kò gbé ewu fún un. Ewu ti kọjá, ó là á, àwa sì jẹ́ ẹlẹ́rìí pé ó là á. Ohun tí kíkí yìí wà fún nìyẹn: a fi ń sọ fún ènìyàn pé a rí ohun tó ná an. Àwọn Haúsá tí a jọ ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ ní irú tiwọn, wọ́n ń wí pé sannu da aiki fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí wàhálà dé ilẹ̀ wa, ó bá àga kan tó ti wà nílẹ̀ de irú rẹ̀, ó sì jókòó sórí rẹ̀.

Ohun tí ojùgbọ̀nà wa mọ̀ nìyí, tí ó gbà wá ní ogójì ọdún kí a tó mọ̀. Nígbà tí àwa fi ẹnu ara wa pe iṣẹ́ tí wọ́n rán wa ní wàhálà, ìráhùn ni. A ń ka ohun tó ná wa fún ẹni tó rán wa. Nígbà tí wọ́n pè é fún ìyàwó wọn, ẹlòmíràn ni wọ́n ń kà á fún, wọ́n ń dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ni, ẹnu tó sọ ọ́ àti etí tí wọ́n sọ ọ́ sí ló yàtọ̀.

Àwa awo ni ó sì yẹ kí èyí yé jù. Kíni kíkí tiwa gan-an? Bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́, Ìbọrú, Ìbọyè àti Ìbọṣíṣẹ jẹ́ obìnrin mẹ́ta tí wọ́n ran Ọ̀rúnmìlà lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi líle fún un, tó sì ṣèlérí pé orúkọ wọn kò ní parun lẹ́nu awo. Nígbàkígbà tí awo méjì bá pàdé, wọ́n ń san gbèsè yẹn díẹ̀díẹ̀. Kí a tó mọ ohun tí à ń pè ní wàhálà ni ilé Ifá ti ń dúpẹ́ aápọn ẹlòmíràn.

Ó ku ẹ̀sùn pé ọ̀rọ̀ àjèjì kò gbọdọ̀ wọ ilé Ifá. A fẹ́ fi pẹ̀lẹ́ dáhùn èyí, nítorí pé ìfẹ́ Ifá ló wà nídìí rẹ̀. Ìwúre wo ni a ń ṣe tí kò ní àlàáfíà nínú? Láti inú èdè Lárúbáwá ni àlàáfíà ti wá. Ibẹ̀ náà ni àdúrà ti wá, ó gba ọ̀dọ̀ Haúsá kọjá. Ibẹ̀ ni sùúrù ti wá, èyí tí a ń fi bẹ tọkọtaya tó bá wá dífá níwájú wa. Òtúrá Méjì jókòó láàrin àwọn Odù mẹ́rìndínlógún, gbogbo wa la sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè ní Odù Ìmàle, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn Mùsùlùmí tó wà nínú rẹ̀. Ifá kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó gba òkè wá. Ẹni tó bá fẹ́ lé wàhálà jáde nítorí ilé tí wọ́n ti bí i, yóò ní láti di àlàáfíà lẹ́rù pẹ̀lú rẹ̀, a kò sì rò pé ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yìí fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, a kò ní bo àlejò lábùkù. Wàhálà kò tíì di ọmọ ilé tán, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà. Ẹni tó ń ṣe aápọn, aláápọn ni à ń pè é, ìyìn sì ni. Ẹni tí a bá pè ní oníwàhálà ńkọ́? Ilé ẹjọ́ ni yóò fa ni lọ. Ọ̀rọ̀ náà gbà kí a fi dúpẹ́, kò gbà kí a fi yin ènìyàn. Ohun kan kù nínú rẹ̀ tó ń rántí ìyà, kò sì jẹ́ kí a gbàgbé.

Ilẹ̀ tí a dúró sí yìí mọ̀ ọ́n ju ibi gbogbo lọ. Ẹ gbọ́ orúkọ Ajégúnlẹ̀: ajé ló gúnlẹ̀, bí ọkọ̀ ṣe ń gúnlẹ̀ sétí omi. Ọkọ̀ ló sì gbé e wá lóòótọ́. Ní 1921 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ èbúté Àpápá, wọ́n parí ibùdókọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ní 1926; lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì wọ́n fi márùn-ún kún un. Ìlàjẹ dé, Ìjọ́ dé, Urhobo, Ìgbò, Haúsá, Ẹ̀gùn àti Yorùbá láti ilé lóko, gbogbo wọn ń wá ibi tí wọn yóò sùn sí lẹ́bàá iṣẹ́. Ẹ rìn já ọjà Boundary lónìí, ẹ ó gbọ́ èdè tí ẹ kò gbọ́ rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wọn ní, tí wọn kò sì nílò ògbufọ̀ fún, wàhálà náà ni. Ọmọ Ìjọ́ ní kò sí wàhálà, ọmọ Ìgbò ní wàhálà wà, wọ́n ti gbọ́ ara wọn yé.

Ẹni tó ru ajé náà sókè kúrò nínú ọkọ̀ ni alábàárù. Ẹ wo orúkọ yìí náà, ẹni tó ń bá ni rù ú ni. Kí àpótí irin ńlá tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹténà tó gba èbúté kan, ọrùn ènìyàn ni ọ̀pọ̀ ẹrù ń gbà kọjá. Ní 1975, símẹ́ǹtì tí ìjọba àpapọ̀ rà láti òkè òkun ju ohun tí èbúté lè gbà lọ fíìfíì. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ òkun tò sójú agbami Èkó, wọ́n ń dúró. Ìyẹn ló mú kí wọ́n kánjú kọ́ èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níhìn-ín. Ẹ̀rọ pọ̀ sí i, ọrùn ènìyàn sì ń dín níye. Ní 2006, ìjọba fi àwọn èbúté lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì padà sílé.

Ọ̀kan nínú àwọn alábàárù ìgbà símẹ́ǹtì wá bá wa dífá ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ó ju wa lọ lọ́jọ́ orí dáadáa. Ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí owó lẹ́nu gẹ́gẹ́ bí ìṣe, a dá ọ̀pẹ̀lẹ̀, a sọ ohun tí Ifá sọ, a sì ka ohun ẹbọ fún un. Àárín èmi àti ìwọ ni ìyẹn jẹ́ fún Ifá, a kò ní sọ ọ́ síta. Ohun tí ó sọ lẹ́yìn tí a ti palẹ̀ mọ́ ni a fẹ́ sọ. Ó ní òun ru símẹ́ǹtì fún ọdún méjìlélógún lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan. Ojúmọ́ ni wọ́n ń san owó rẹ̀, kò sí ìwé, kò sí owó ìfẹ̀yìntì. Lọ́jọ́ tí ìbàdí rẹ̀ yẹ̀, ẹlòmíràn ló bọ́ sídìí àpò. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bi í láìpẹ́ pé, "Bàbá, gbogbo wàhálà tí ẹ ṣe yẹn, kí lẹ fi ṣe?" Ó wo ilẹ̀. Ó ní: "Baba awo, iṣẹ́ ni mo rò pé mò ń ṣe. Àṣé wàhálà ni mo ṣe."

Ẹ̀yin àgbà, gbogbo ohun tí a ti tò sílẹ̀ láti òwúrọ̀ yìí, ọkùnrin yẹn fi gbólóhùn kan da á nù. Ní ẹnu rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń da màlúù ọ̀gá ní Ọ̀yọ́. Bí a bá sọ fún un pé aápọn ni ó ṣe, ẹ̀gàn ni yóò gbọ́, nítorí pé aápọn gbọ́dọ̀ rí èrè. Bí a bá sọ pé ìyà ni ó jẹ, a ti gba ọdún méjìlélógún lọ́wọ́ rẹ̀, bíi pé kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ilé tí à ń gbé ní Olódì, símẹ́ǹtì irú èyí tó rù ló wà lára ògiri rẹ̀. A kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn. A dìde fún un, a ní: "Bàbá, ẹ kú wàhálà." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní láti ọjọ́ tí òun ti wọ èbúté títí di ọjọ́ tí òun fi jáde, "yára" nìkan ni wọ́n ń sọ fún òun.

Èsì tí a mú wá fún Olúwo àti fún ilé nìyí. Kí a má kọ òfin kankan lòdì sí ọ̀rọ̀ náà. Níwájú Ifá, kí ọmọ awo pe iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an ní aápọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà. Kí ẹnu wa má wọ́n ẹ kú wàhálà fún ẹni tó bá ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó gbé àga, ìlù àti agbada wá sí ibí yìí láti òru àná, tí wọ́n sì wà lẹ́yìn ilé báyìí tí wọ́n ń retí wa, owó wọn ni kí a kọ́kọ́ kà lé wọn lọ́wọ́ kí a tó kí wọn, kí ó sì jẹ́ kí a tó bu oúnjẹ. Akápò mọ iye rẹ̀. Omi tí wọn yóò fi fọ ìkòkò lálẹ́ yìí, ọkùnrin ni kí ó pọn ọ́n, ọmọ awo tó bi ìbéèrè lọ́dún tó kọjá sì ti ní òun yóò wà níbẹ̀.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.